Báwo lèèyàn ṣe ń wo èèpo ìwé ìròyìn fíìmù débi tí á fi rí nǹkan gidi sọ nípa rẹ̀?

Àkànní Ọmọ Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Nílé ìwé wa, wọ́n ní ká mú èèpo iwájú ìwé ìròyìn fíìmù kan, èyíkéyìí tó bá wù wá, ká sọ bí wọ́n ṣe to àwòrán àti lẹ́tà sórí rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ fi mú ojú òǹkàwé. Ojú ìwé méjì péré ni. Empire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo mú, ọ̀kan lára àwọn tí akọni inú fíìmù dúró sí àárín, tó di ẹ̀ṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé pupa dúró fún ewu, dúdú dúró fún àdììtú, lẹ́tà gàdàgbà dúró fún agbára. Olùkọ́ wa dá a padà. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé ohun tí mo kọ yìí, èèyàn lè kọ ọ́ láì fojú kan èèpo ìwé náà rárá.

Ó dùn mí, torí odindi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mi ò kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa fún un padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya àwòrán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé, ẹ bá mi dá sí i.

Àjọkẹ́ Ayàwòrán

Àkànní, pẹ̀lẹ́. Fi bíròó sílẹ̀ ná. Tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì, kí o wá bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rí nǹkan gba inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń dì bàtà tuntun nínú páálí. Tẹ́ ẹ lé e lórí. Mú pẹ́ńsù, kí o wá fa ìlà yí ohun gbogbo ká: orúkọ ìwé ìròyìn tó wà lókè, ara èèyàn tó dúró, àkọlé ńlá, àwọn àkọlé kéékèèké ẹ̀gbẹ́, iye owó, ibi tí barcode wà (àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù ń kà). Má ya ojú, má ya aṣọ. Àpótí àti ìlà nìkan ni kó wà níbẹ̀.

Tí o bá ká bébà yẹn kúrò, egungun èèpo náà lo mú lọ́wọ́. Ìgbà yẹn lo máa mọ̀ bóyá àárín lẹni náà dúró sí lóòótọ́. O kọ ọ́ pé àárín ló wà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti sún un díẹ̀ kí àkọlé lè ráyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú wa ló máa ń sọ fún wa pé àárín ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ìwé náà kọ́ ògiri, sún sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí o wá dijú díẹ̀ títí o kò fi ní lè ka lẹ́tà kankan mọ́. Kí ló ṣẹ́kù? Kí lojú rẹ kọ́kọ́ bà lé, kí ló tẹ̀ lé e, kí ló kẹ́yìn? Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Ìpínrọ̀ rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn, o kò sì tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo bá wọn tajà fún ọdún méje ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn níbí ní London, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Lórí àtẹ, wọn kì í tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ gbalaja. Wọ́n máa ń tò ó bí ìgbà tí ẹja gbé ìpẹ́ lé ìpẹ́ ni, ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló sábà máa ń yọ síta. Ẹni tó bá wá ra Empire, ó ṣeé ṣe kó má rí ju EMP lọ, pẹ̀lú àkọlé díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ìyẹn sì ti tó fún un láti nawọ́ mú un. Tí o bá rí i pé àkọlé tó dùn jù wà lápá òsì lórí tìrẹ, má sọ pé bó ṣe wu ayàwòrán ni. Àtẹ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Wá fi èyí wé fẹ́ńdọ̀ tó wà ní oríta Ọláìyá lọ́dọ̀ yín. Òun máa ń tẹ́ tirẹ̀ sórí pákó, tàbí kó gbé e kọ́, èèyàn á lè dúró ka gbogbo iwájú rẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ìwé tí wọ́n máa rí látòkè délẹ̀ àti ìwé tí wọ́n máa rí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ètò wọn kò lè jọra.

Ohun kan tún wà. Empire ní irú méjì lóṣù mìíràn: èyí tó wà fún títà ní ṣọ́ọ̀bù, àti èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn tó ti sanwó sílẹ̀. Ti ilé máa ń mọ́, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kì í pọ̀, torí ẹni tó ti sanwó kò nílò ẹni tó máa pè é. Tí o bá lè rí méjèèjì ti oṣù kan náà, gbé wọn síra. Ohunkóhun tó wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, iṣẹ́ ìpolówó ló ń ṣe.

Adéwálé K.

Mo fẹ́ gbèjà Àkànní díẹ̀. Àwọ̀ ní ìtumọ̀ o. Pupa kì í ṣe àwọ̀ lásán ní ilẹ̀ wa. Pupa àti funfun ni ti Ṣàngó, funfun ni ti Ọbàtálá. Bí wọ́n bá gbé pupa síwájú akọni, Yorùbá tó bá rí i á ti mọ̀ pé iná ń bọ̀.

Àjọkẹ́ Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún yín lórí èyí. Láti 1989 ni Empire ti ń jáde, pupa ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè. Fíìmù ẹ̀rín ló wà níwájú ni o, fíìmù ìfẹ́ ni o, pupa yẹn kò yẹsẹ̀. Kò lè jẹ́ pé ewu ló ń sọ lóṣooṣù. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kí ẹ dá a mọ̀ láti òdì kejì ṣọ́ọ̀bù. Oṣù tí wọ́n bá yí pupa yẹn padà sí àwọ̀ mìíràn nítorí fíìmù kan ló yẹ kí Àkànní dìde jókòó, kó béèrè ìdí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Cahiers du Cinéma, ìwé ìròyìn fíìmù ti ilẹ̀ Faransé. Oṣù Kẹrin ọdún 1951 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, fọ́tò dúdú-àti-funfun ti Gloria Swanson nínú fíìmù Sunset Boulevard wà níwájú rẹ̀, èèpo náà sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ìyeyè yẹn ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, débi pé títí dòní, bí àwọn tó mọ̀ nípa fíìmù bá rí ìwé kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ní fọ́tò dúdú-àti-funfun, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí í ṣe.

Àwọ̀ tí ìwé ìròyìn fi ń dárúkọ ara rẹ̀ wà, àwọ̀ tí fíìmù oṣù yẹn gbé wá náà wà. Kó pín méjèèjì níyà kó tó máa wá ìtumọ̀.

Adéwálé K.

Ó yé mi báyìí. Mo gbà pé ti orúkọ yẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí òṣèré wọ̀, ìyẹn ṣì lè ní ìtumọ̀.

Eré Ni Mo Ń Ṣe

Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Nínú fíìmù ni mo ń ṣiṣẹ́, l'Ékòó níbí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìwé ìròyìn ló yan aṣọ tó wà lọ́rùn òṣèré níwájú ìwé. Bó bá jẹ́ aṣọ inú fíìmù ló wọ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà ló sábà máa fọwọ́ sí irú fọ́tò tó máa jáde, torí ìwé ìròyìn ń wá òǹrajà, fíìmù náà ń wá òǹwòran, ọjọ́ tí fíìmù máa dé sinimá sì ti sún mọ́. Torí náà, Àkànní, wo oṣù tí ìwé jáde, kí o wo ọjọ́ tí fíìmù náà dé sinimá. Á hàn sí ọ pé ìpolówó méjì ló gun ẹṣin kan náà. Bó bá jẹ́ aṣọ òde ni òṣèré wọ̀, tí kò sí ohun inú fíìmù kankan lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tà.

Má sì da èèpo ìwé ìròyìn pọ̀ mọ́ èèpo fíìmù tiwa. Páálí VCD tí wọ́n ń kó jáde láti Ìdúmọ̀tà nígbà yẹn, orí òṣèré mẹ́fà, méje, ló máa wà lójú kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń tà jù lorí rẹ̀ tóbi jù, kódà bó bá jẹ́ ìran méjì péré ló ti yọjú nínú eré. Iṣẹ́ tó yẹ ní kíkọ́ nìyẹn náà, ó ní ọgbọ́n tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ yàtọ̀.

Bàbá Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fọwọ́ kan ìwé náà. Ọmọ, ṣé ìwé gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ, àbí àwòrán orí fóònù? Bó bá jẹ́ fóònù lo ti ń wò ó, jọ̀ọ́, wá ojúlówó rẹ̀, kódà kó jẹ́ ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ìwé ní ìwúwo. Ó ní ibi tó ti ń dán àti ibi tí kò ti dán. Àwọn mìíràn á fi òróró tó ń mú bébà dán sórí orúkọ nìkan, wọ́n á fi ojú òṣèré sílẹ̀ láì dán, kí ọwọ́ òǹrajà lè mọ orúkọ náà kí ojú tó kà á. Fóònù kò lè fi ìyẹn hàn ọ́.

Mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, gbé e sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré tó wà níwájú ìwé. O kò ní rí awọ. Tó-tó-tó lo máa rí, ẹ̀kán yíǹkì aláwọ̀ mẹ́rin: cyan (àwọ̀ ojú ọ̀run), magenta (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò), yellow (ìyeyè) àti black (dúdú). Àwọ̀ mẹ́rin yìí náà ló di ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ló di ojú ọ̀run, òun ló di ẹ̀jẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn mí gan-an ni awọ èèyàn dúdú. Awọ wa máa ń gba yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí yíǹkì kan bá kún ojú ibì kan, ọgọ́rùn-ún la ń kà á sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 400. Bébà olówó iyebíye tó ń dán lè gba àpapọ̀ yíǹkì tó tó 300, ṣùgbọ́n bébà ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, bó bá ti ju 240 lọ, ó ti mu yó nìyẹn. Ẹ̀kán á fẹ̀, ọ̀kan á wọnú èkejì, ojú èèyàn á di dúdú kirikiri, o kò ní mọ ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, a tẹ fọ́tò ìyàwó kan bẹ́ẹ̀ fún ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?" Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dín black kù níbi tí awọ bá wà, màá jẹ́ kí magenta àti yellow gbé e, kí pupa abẹ́ awọ lè yọ.

Torí náà, bí o bá rí òṣèré dúdú níwájú ìwé ìròyìn, wo ibi òjìji lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ṣé awọ ṣì wà níbẹ̀, àbí ó ti di ihò? Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá ẹni tó ya fọ́tò àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ka ojú yẹn sí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí kò dúró sí orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak, ilé iṣẹ́ ohun èlò fọ́tò, ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Awọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fọ́tò dára. Tiwa kò sí nínú ìṣirò.

Àjọkẹ́ Ayàwòrán

Ẹ ti mú mi rántí èèpo kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Vanity Fair, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ọdún 2020, òṣèré Viola Davis ló wà níwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé Vanity Fair kì í ṣe ìwé ìròyìn fíìmù pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n láti 1995 ni wọ́n ti ń ya odindi ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ fún Hollywood lọ́dọọdún, òṣèré ló sì pọ̀ jù níwájú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ojú ni wọ́n fi ń ta ìwé ìròyìn. Ojú tó ń wo ẹni tó ń kọjá lọ ní tààrà, bíi pé ó fẹ́ pè é lórúkọ. Obìnrin yìí kò wo ẹnikẹ́ni. Aṣọ rẹ̀ dúdú bí aró tí wọ́n rẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn, débi pé ẹ̀yìn gan-an ló wà níbi tí ojú ì bá wà. Orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́, à ń rí ìlà iwájú orí, imú, ètè àti àgbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí. Awọ rẹ̀ dúdú, aṣọ dúdú, ògiri dúdú, síbẹ̀ kò sí èyí tó gbé èkejì mì, torí ẹni tó gbé iná kalẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Dario Calmese ló ya fọ́tò náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ya fọ́tò iwájú Vanity Fair. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé fọ́tò kan tí wọ́n yà ní 1863 lòun ní lọ́kàn, ti ọkùnrin kan tó sá kúrò lóko ẹrú ní Louisiana. Ọkùnrin yẹn jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, àpá pàṣán sì hun ara wọn kúnlẹ̀ ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjókòó ọwọ́ kan náà, yíyí orí kan náà. Ohun tí kò sí lórí ti Viola Davis ni àpá. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó ń dán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé méjèèjì síra, omi bọ́ lójú mi.

Àkànní, ṣé o rí i? Mi ò tíì sọ pé àwọ̀ kan dúró fún nǹkan kan. Mo sọ ibi tí ẹ̀yìn wà, ibi tí ọwọ́ wà, ibi tí iná wà, mo wá sọ fọ́tò tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ìtumọ̀ tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Ọmọ Aláró

Kí n fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí o bá ń kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, fi Yorùbá kọ ọ́, kódà bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi fún olùkọ́. Tí o bá kọ "blue", o kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé ayinrin ni, àbí ó dà bíi wàjì, àbí ó dúdú bí ẹtù? Pupa ńkọ́? Ṣé pupa fòò ni, àbí pupa rúsúrúsú, àbí ó jọ osùn? Ọmọ Òṣogbo ni ọ́, ilé aró, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba àwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ. Mo ti ṣe é rí, bí mo bá fi Yorùbá wo àwọ̀, ó máa ń jẹ́ dandan kí n padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Alákòójọ

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Atọ́ka! Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ rántí. Ní 1967 ni West African Book Publishers bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde l'Ékòó. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn òṣèré orí ìtàgé ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á wà nínú fọ́tò ní èdè Yorùbá. Bàbá mi fi ẹ̀dà mẹ́rin sílẹ̀ fún mi, mo tọ́jú wọn sínú ọ̀rá. Àwọn òṣèré yẹn mọ̀ pé fọ́tò kò lè fọhùn, torí náà wọn kì í fi ojú lásán yà á. Bí ìbẹ̀rù bá bá wọn, ẹ máa rí i dé ìka ọwọ́. Bó bá ṣeé ṣe fún Àkànní, kó fi ọ̀kan wé Empire tirẹ̀ lórí ọ̀nà tí ara gbà ń sọ̀rọ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó yàtọ̀ pátápátá, kó wá Little White Lies, ìwé ìròyìn fíìmù ti London. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ ya ojú òṣèré kan ni, ojú náà á gba gbogbo iwájú ìwé, kò ní sí àkọlé jàgbajàgba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé tó gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán nìkan nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Bó bá sì fẹ́ ìfiwéra tó rọrùn, kó wá Empire àti Total Film tó gbé fíìmù kan náà síwájú. Total Film bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ó kógbá sílé ní 2024, àtijọ́ rẹ̀ ṣì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣèré kan, fíìmù kan, ìwé méjì. Ohun tó bá yàtọ̀ nínú wọn, ìwé ìròyìn ló ni ín, kì í ṣe fíìmù.

Àkànní Ọmọ Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti ṣe bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lálẹ́ àná, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Akọni mi kò sí ní àárín. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ìwé, àkọlé márùn-ún sì wà lápá òsì bí Màmá ṣe sọ. Orí rẹ̀ bo ìdajì lẹ́tà P àti gbogbo I, síbẹ̀ mo ń ka EMPIRE láti ọjọ́ yìí láì mọ̀ pé lẹ́tà kan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí mo rò pé òun ni mo kọ́kọ́ rí, òun ló ṣe ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dijú díẹ̀, funfun ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi, lẹ́yìn náà orúkọ, kí ẹ̀ṣẹ́ tó dé. Ojú náà kò sì wò mí. Ó ń wo nǹkan kan tó wà lókè orí mi.

Ohun tí mo kọ báyìí rèé: "Ó gbé ojú kọjá lórí òǹkàwé, bíi pé ọ̀tá wà lẹ́yìn wa. Èèpo náà fi wá sí àárín akọni àti ohun tó fẹ́ bá jà." Ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀?

Àjọkẹ́ Ayàwòrán

O lè sọ bẹ́ẹ̀. O rí i lórí ìwé, ẹni tó bá sì mú ìwé náà lọ́wọ́ á lè rí i pẹ̀lú rẹ. Yọ "bíi pé" kúrò, kí o fi ohun tó fi hàn ọ́ sí i: ibi tí ẹyin ojú rẹ̀ kọjú sí, àti bóyá òjìji kan wà lára rẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Àkànní Ọmọ Òṣogbo

Òjìji wà! Ó wà ní àyà rẹ̀, apá ìsàlẹ̀. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó.

Bàbá Ṣómólú

Wò ó dáadáa, ọmọ. Kí o sì wo ohun tí barcode bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó to èèpo náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa pàdánù ibi yẹn, òun ló sì yan ohun tó máa fi sílẹ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Má gbàgbé láti kọ oṣù àti ọdún tó jáde sí òkè iṣẹ́ rẹ o. Tí o bá ti fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì, padà wá sọ ibi tó já sí fún wa.